Bánjò tí mo gbọ́ ní Cologne

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ní ká sọ ìtàn àwo orin kan tó yà wá lẹ́nu, tèmi rèé.

Cologne ní Jámánì ni mò ń gbé. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo yà sí ọjà àlòkù, ìkòkò tí mo lè fi ro àmàlà ni mò ń wá, ni bàbá kan tó ń ta àwo orin bá gbé ọ̀kan sórí ẹ̀rọ. Háà! Ìlù ń dún gbì-gbì-gbì, dùùrù ń han goooro, ẹnì kan ń lọgun lé wọn lórí. Ṣùgbọ́n láàárín ariwo náà, ohun kan ń ró kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ mi kò lè gbéra. Bánjò ni!

Bàbá mi àgbà kò fi jùjú ìgbà Túndé King ṣeré rárá, nígbà tí bánjò ṣì wà nínú jùjú l'Ékòó. Mo mọ ohùn rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n Dave Day, ẹni tó ta bánjò inú àwo yìí, kò ta á bíi ti àwọn onijùjú, ńṣe ló ń nà án bí ẹni ń lu gángan.

*Black Monk Time* ni àwo náà, Monks ló ṣe é: ọmọ Amẹ́ríkà márùn-ún tí wọ́n ṣe sójà ní Jámánì, tí wọn kò padà sílé nígbà tí iṣẹ́ ológun parí. Wọ́n fá àárín orí bí àwọn mọ́ńkì ìjọ Àgùdà, wọ́n so okùn mọ́ ọrùn dípò táì. Nínú orin àkọ́kọ́, Gary Burger tó ń kọrin fún wọn ń béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pa àwọn ọmọ ní Vietnam. Ẹni tó ti wọ aṣọ sójà rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ní 1966! Wọn kò gbé àwo náà jáde ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ní 1967 wọ́n túká, wọn kò sì ṣe òmíràn mọ́.

Cologne níbí ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti lò nílùú yìí kí n tó gbọ́ ọ. Ìkòkò kò délé lọ́jọ́ náà, àwo ló délé.

*

Èsì ẹnì kan tó ka ọ̀rọ̀ yìí: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Takisí ni mò ń wà ní New York ní 1999, ọdún tí àwọn Monks tún para pọ̀ ṣeré níbẹ̀. Mo gbé ọ̀dọ́ méjì kan lóru, ohùn wọn ti há, wọ́n ń fọwọ́ lu ẹ̀yìn àga mi, wọ́n ń pe "Monks! Monks!" Mo bá wọn wí gidigidi. Lálẹ́ àná tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo wá orin náà gbọ́. Ìlù tí wọ́n ń lù sí mi lẹ́yìn gan-an ni.