Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní Pennsylvania, ìyàwó ní Delaware, ilé wà ní Maryland

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Elkton ní Maryland là ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Wilmington, Delaware. Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ní Pennsylvania. W-2 wa, ìwé owó oṣù àti owó-orí ọdún tí ibi iṣẹ́ ń fúnni, ti dé. Delaware ti yọ owó-orí lára owó mi, Pennsylvania ti yọ lára tiwọn. Ṣé Maryland náà á tún gba tiẹ̀ ni? Ẹ gbà mí o.

Bàbá Fẹ́mi: Ẹ fọkàn balẹ̀. Ti bàbá wọn ò le. Maryland bá Pennsylvania, Virginia, West Virginia àti Washington DC ṣàdéhùn: ibi téèyàn ń gbé nìkan ló ń san owó-orí owó oṣù rẹ̀ sí. Fọ́ọ̀mù REV-419, tó ń sọ fún ibi iṣẹ́ pé kí wọ́n má yọ owó-orí Pennsylvania, ni bàbá wọn ò kọ. Ẹ kọ PA-40, fọ́ọ̀mù owó-orí Pennsylvania, ẹ fi òdo sí ibi owó oṣù, ẹ so W-2 àti ẹ̀dà táàsì Maryland yín mọ́ ọn, Pennsylvania á dá owó náà padà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná an! Maryland ò tíì rí kọ́bọ̀ gbà lórí iṣẹ́ wọn. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní DC, a ti fi irú owó bẹ́ẹ̀ san owó ilé ìwé ọmọ kí ìwé gbèsè Maryland tó dé. Oṣù márùn-ún la fi san án díẹ̀díẹ̀.

Tiyín gan-an niṣẹ́ wà. Delaware ò bá ìpínlẹ̀ kankan ṣàdéhùn. Fọ́ọ̀mù Delaware ti ẹni tí kì í gbé ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe parí. Wọ́n á béèrè owó bàbá wọn náà níbẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, ìdá tó kan Delaware ni wọ́n fi ń ṣírò. Iye owó-orí tó bá jáde lẹ ó gbé lọ sí 502CR, fọ́ọ̀mù tí Maryland fi ń yọ owó-orí tí ẹ san síbòmíràn kúrò nínú tiẹ̀; kì í ṣe iye tí wọ́n ti yọ tẹ́lẹ̀, tó wà ní àpótí 17 lórí W-2. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í.

Àǹtí Bọ́lá: Ẹ má gbàgbé owó-orí county (ìjọba ìbílẹ̀) o. Tẹ́lẹ̀, Maryland kì í yọ owó-orí tí a san síbòmíràn kúrò nínú ti county. Tọkọtaya Wynne láti Howard County ló bá wọn dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, wọ́n sì jàre ní 2015. Àyè wà fún un lórí 502CR.

Ìyá Ìbejì: Àpótí 17 yẹn ni mo ti kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀! Mo ti pa á rẹ́. Mo ti tẹ REV-419 jáde, bàbá wọn á mú un lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.