Ṣé ata ilẹ̀ pupa (turmeric) lè ran egungun àbúrò mi lọ́wọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Adó-Èkìtì ni a wà. Àìsàn Crohn's ti ń bá ìfun àbúrò mi obìnrin jà tipẹ́, prednisolone, oògùn tó ń dín wíwú kù, ló ń lò sí i. Àyẹ̀wò DEXA, tí wọ́n fi ń wo bí egungun ṣe ki tó, wá fi hàn pé egungun ìbàdí rẹ̀ ti ń fúyẹ́. Dókítà ní ìfun tó ń wú máa ń mú kí ara máa jẹ egungun ara rẹ̀ run, oògùn náà sì ń dá kún un. Ìyá eléwé kan wá ní kó máa po ata ilẹ̀ pupa mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Òótọ́ ni pé curcumin, èròjà kan nínú ata ilẹ̀ pupa, dín bí ara ṣe ń jẹ egungun rẹ̀ run kù lára eku, àmọ́ ara kì í fà á mu dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti lò ó pẹ̀lú prednisolone? Ṣé kò da inú yín rú? Èròjà genistein inú sóyà ńkọ́, ṣé òun lè ran egungun lọ́wọ́? Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti apòògùn, ẹ má dákẹ́ o, ẹ̀rù ń bà mí.