Ìdáhùn: Arọ́pò kọ́ o, adelé ni tàbí àrólé

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú àjọsọ, ẹ kú làálàá ọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń ka lẹ́tà yín láìdá sí i, nítorí iṣẹ́ ò jẹ́. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ọ̀kan nínú wa ń túmọ̀ ìwé ìtàn aláwòrán láti Amẹ́ríkà, ó wá béèrè pé kí ni ká máa pe akọni abàmì tuntun tí wọ́n bá gbé sípò akọni tí gbogbo ayé ti mọ̀, tó gba orúkọ onítọ̀hún, tó sì wọ aṣọ rẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà n'Íbàdàn ní "arọ́pò" ni, pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹlòmíràn ní "akọni tuntun" ti tó. Àǹtí wa kan tó ń kọ́ni l'Ékòó sì ní ká kúkú pè é ní "ayédèrú", pé ojú tí àwọn tó fẹ́ràn ìwé wọ̀nyí fi ń wò ó nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo kà dé tí ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

"Akọni tuntun" kò lè pẹ́. Sam Wilson gba ipò Captain America, akọni tó ń gbé asà, ní 2014. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti ń múra sẹ́kọ́ńdìrì, ṣé tuntun náà la ó ṣì máa pè é? Ohun tó ṣe "asọ̀rọ̀mágbèsì" nìyẹn. Nígbà tí wọ́n sọ rédíò lórúkọ yẹn, lóòótọ́ ni kì í gba èsì. Lónìí, ilẹ̀ kan kì í mọ́ kí ẹnìkan má pe rédíò lórí fóònù láti bá gómìnà jà, orúkọ ò sì yí padà.

"Ayédèrú" ní tirẹ̀, èébú ni. Atúmọ̀ tó bá lò ó ti dá ẹjọ́ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Àǹtí, ẹ má bínú.

Ó wá ku "arọ́pò". Kò sẹ́ni tó jókòó ní kíláàsì Yorùbá tí kò mọ arọ́pò-orúkọ. "Adé ra iṣu, ó sì sè é." "Ó" yẹn dúró fún Adé kí ẹnu má baà rẹ̀ wá, nǹkan kan ò sì ṣe Adé. Nínú bọ́ọ̀lù ẹ̀wẹ̀, ẹnìkan jáde, ẹnìkan wọlé, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó parí. Ipò nìkan ni "arọ́pò" mọ̀. Kò sọ fún wa bóyá ẹni tó nipò kú ni, àbí ó rìnrìn àjò, àbí wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, àbí ó jókòó sínú ilé tó ń wò wọ́n. Bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an làwọn tó ń ka ìwé yìí ń bá ara wọn jà lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé àti fọ́tòkọ́pì ni mò ń ṣe, ní Mayfair, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná lọ, mo rán ọmọ lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀, àwọn ọmọ yunifásítì méjì tó wá tẹ iṣẹ́ wọn jáde sì ń dúró. Wọ́n gbé àríyànjiyàn Captain America dìde, ohùn wọn ń ròkè. Màmá kan tó wá ṣe ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ ẹbí wọn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé báàgì lé itan, ó ń gbọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, oyè wo lẹ ń jà lé lórí?"

"Kì í ṣe oyè, mà. Inú ìwé ni. Akọni kan ni, wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹ̀."

"Ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ó kú ni?"

"Rárá, mà. Agbára ara ẹ̀ ló lọ, ó di arúgbó lójijì, ló bá gbé asà ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀."

"Ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè, mà."

"Adelé nìyẹn. Ìyẹn ò jẹ oyè kankan."

Èkejì ní, "Ẹ ò tíì gbọ́ tán, mà. Ó tún padà di ọ̀dọ́ ní 2016. Wọ́n bá fún un ní asà mìíràn, àwọn méjèèjì wá ń jẹ́ orúkọ kan náà."

Màmá wo ojú mi bí ẹni pé èmi ni mo ta ọtí fún wọn.

Èyí àkọ́kọ́ tún fi kún un: "Ó ti kú rí pàápàá, ní 2007. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ mìíràn, Bucky, ló gba asà nígbà yẹn. Ó tún jí."

"Ó kú, ó jí?"

"Ó jí, mà."

"Àbíkú lẹ wá ń pè ní akọni látàárọ̀."

Nígbà tí iná dé, ó yẹ ẹ̀dà ìwé rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá òǹtẹ̀ hàn dáadáa, ó sì já náírà àádọ́ta nínú owó mi.

Ọ̀rọ̀ màmá yẹn ni mo gbé wá síbí. "Bá mi delé," là ń wí fún aládùúgbò tá a bá ń lọ sí àjò. Adelé lè ṣílẹ̀kùn, ó lè lé ewúrẹ́, ó lè gba àlejò, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò mọ onílé. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí adelé àfi ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kun ilé lọ́dà. Àrólé yàtọ̀. Ilé ti di tirẹ̀. N'Ífẹ̀, Àrólé Oòduà la ń kí Ọ̀ọ̀ni. Ọba Ṣíjúwadé wàjà ní 2015, Ọba Adéyẹyè Ògúnwùsì gorí ìtẹ́ lọ́dún yẹn kan náà, Ọ̀jájá Kejì sì ni wọ́n ń jẹ́. Kejì! Ọ̀jájá kan ti jẹ ṣáájú, orúkọ rẹ̀ wà nínú orúkọ èyí tó wà níbẹ̀, mi ò sì tíì gbọ́ ẹni tó ní èkejì ba ti àkọ́kọ́ jẹ́.

(Ẹnìkan kọ̀wé pé kí a máa pe aṣọ àwọn akọni yìí ní "ẹ̀kú", nítorí pé ilé ló ni ẹ̀kú, kì í ṣe ẹni tó gbé e. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ará ọ̀run là ń kí nínú ẹ̀kú. Ẹ jẹ́ ká fi ti egúngún sílẹ̀.)

Níbo wá ni ìbínú àwọn òǹkàwé ti ń wá? Lójú tèmi, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé náà ló ń kéde àrólé nígbà tó jẹ́ pé adelé ló wà lọ́kàn wọn. Ẹ wo Flash, akọni tó ń sáré bí mànàmáná. Barry Allen kú ní 1985. Wally West, ọmọ tó ń sáré tẹ̀ lé e tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ẹbí ìyàwó rẹ̀, gba aṣọ náà, ó sì wọ̀ ọ́ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Àwọn ọmọ wà tí wọn ò mọ Flash mìíràn rí. Nígbà tó di 2008, Barry padà dé. Ẹni tó ti jẹ oyè tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n wá sọ fún un pé ilé ló ń bá wọn de! Kó sì tó di pé ẹ ń káàánú Barry jù, òun náà ò kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Jay Garrick ni Flash láti 1940, 1956 ni Barry tó dé.

Ti Hal Jordan, tó ń jẹ́ Green Lantern, tún burú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí Kyle Rayner di Green Lantern ní 1994, wọn ò jẹ́ kí Hal kú ikú akọni, wọn ò sì jẹ́ kó fẹ̀yìn tì. Wọ́n sọ ọ́ di apànìyàn tí orí rẹ̀ dàrú. Ìrọnilóyè lèyí, kì í ṣe ìrọ́pò. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kó ara wọn jọ lẹ́gbẹ́ lẹ́gbẹ́, wọ́n ń jà fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún títí wọ́n fi dá a padà sórí àga ní 2004. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni Hal, ọkùnrin náà sì ni Kyle, kò sẹ́ni tó lè ní tìtorí obìnrin ni wọ́n ṣe ń jà nígbà yẹn. Mi ò sọ pé kò sí ìjà tìtorí obìnrin tàbí àwọ̀ ara o. Nígbà tí asà bọ́ sọ́wọ́ Sam Wilson tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pariwo "ìtàn, ìtàn" ni kò bá ìtàn jà rárá.

Kí ni ká tilẹ̀ máa pe àwọn òǹkàwé yìí? A ti fẹnu kò sí "olólùfẹ́" lóṣù tó kọjá, mo sì fara mọ́ ọn. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ tòní, afọbajẹ ni wọ́n ń fi ara wọn pè. Ní 1988, wọ́n tilẹ̀ fún wọn láṣẹ náà. Jason Todd ni Robin kejì, ọmọ tó ń bá akọni Batman jà, ó gba ipò lọ́wọ́ Dick Grayson tó ti wà níbẹ̀ láti 1940, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé rẹ̀ gbé nọ́ńbà tẹlifóònù méjì síta: ẹ pe èyí tí ẹ bá fẹ́ kó yè, ẹ pe tọ̀hún tí ẹ bá fẹ́ kó kú. Sẹ́ǹtì 50 ni ìpè kan. Ẹni 5,271 ní kó yè, 5,343 ní kó kú. Ìpè 72 ló pa ọmọ náà. Mo máa ń ronú kan ẹni tó lè ti pe ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Afọbajẹ tiwa a máa bi Ifá kí wọ́n tó yan èèyàn. Àwọn wọ̀nyí fi sẹ́ǹtì 50 rọ ọmọ lóyè, wọ́n sì sin ín.

Èmi náà kì í ṣe àjèjì sí ìbànújẹ́ yìí. Ní Sábó níbí, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ògbólógbòó ìwé nílẹ̀, mo ra èyí tí Superman kú nínú rẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Aṣọ pupa rẹ̀ tó ti fàya wà lára èèpo ìwé náà, wọ́n so ó mọ́ igi bí àsíá. Mo sunkún débi pé oúnjẹ alẹ́ ò wọlé. Ìyá mi bi mí léèrè pé ta ló nà mí. Ní 1992 ló kú, ní 1993 ló jí, èmi sì ń sunkún lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn tó ti jí, nítorí pé ẹni tó ń tàwé ò ní èyí tó tẹ̀ lé e.

Kó tó jí, mẹ́rin ló jáde tí wọ́n ń lo àmì àyà rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rántí arọ́pò afarajorúkọ: èmi, ìwọ, òun. Ó jọ ọ̀rọ̀-orúkọ, ó ń ṣe bí ọ̀rọ̀-orúkọ. Afarajorúkọ gidi ni wọ́n! Ọ̀kan nínú wọn, John Henry Irons, kò sọ pé òun ni Superman. Ó rọ aṣọ irin fún ara rẹ̀, ó gbé òòlù, ó ní iṣẹ́ ọkùnrin náà lòun fẹ́ máa ṣe. Òun ni mo fẹ́ràn jù. Adelé tó mọ̀ pé adelé lòun.

Ti òòlù tí mo dárúkọ yẹn rán mi létí Thor, níbi tí "àrólé" fúnra rẹ̀ ti há sọ́nà. Captain America, oyè ni, a lè jẹ ẹ́. Thor ńkọ́? Orúkọ tí wọ́n sọ ọ ní ilé bàbá rẹ̀ ni. Ní 2014 ló di aláìyẹ tí kò lè gbé òòlù rẹ̀ mọ́, tí obìnrin kan, Jane Foster, gbé e. Àwọn olólùfẹ́ figbe ta: ṣé wọ́n ń jẹ orúkọ àbísọ ni? Ìdáhùn àwọn tó fara mọ́ ọn ni pé ara òòlù ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá yẹ ni yóò ní agbára Thor. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda orúkọ fún obìnrin náà, ó ń jẹ́ Odinson, ọmọ Odin. Mo rò pé orúkọ àbísọ lè di oyè, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn ikú. Ti Thor yá jù.

Ẹni tó sì kọ̀wé pé obìnrin ò lè jẹ́ "akọni" nítorí pé "akọ" wà nínú rẹ̀, kó wọkọ̀ wá s'Ífẹ̀. Màá mú un lọ síbi ère Mọremí. Ẹsẹ̀ bàtà 42 ni gíga rẹ̀, kó dúró sísàlẹ̀ kó wá sọ ọ́ sókè.

Ìmọ̀ràn mi fún atúmọ̀ wa: tí onípò bá wà láàyè tàbí tí ìtàn fi hàn pé yóò padà, kó lo adelé; tí ilé bá ti di ti ẹni tuntun pátápátá, àrólé. Kó fi "ìrọ́pò" sílẹ̀ fún ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe.

Ẹnìkan ṣoṣo ni mi ò rí ọ̀rọ̀ fún, ìyẹn Miles Morales. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, Peter Parker tó ń jẹ́ Spider-Man ní ayé tirẹ̀ ti kú (ayé inú ìwé wọ̀nyí ju ẹyọ kan lọ), àrólé ni. Lẹ́yìn náà wọ́n mú un wá sí ayé tí Peter mìíràn ti wà láàyè, àwọn méjèèjì ń jẹ́ Spider-Man, kò sẹ́ni tó ń bínú sí ẹnikejì. Kò de ilé, kò ró ilé. Mo rò ó sí "olórúkọ", bí a ṣe ń kí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ wa ní "olórúkọ mi", àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n wa t'Íbàdàn á ní ó ti gùn jù fún inú àpótí ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n ń yà sẹ́nu àwọn akọni. Atúmọ̀ ní ọjọ́bọ̀ lòun máa fi ojú ìwé yẹn ránṣẹ́. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tètè kọ ọ́ wá.