Ìka ọwọ́ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó ń dunni: ará Abẹ́òkúta, ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ọmọ Lísàbí. Mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ torí gbogbo ìka tó bá ti ń dunni, làkúrègbé là ń pè é. Àdìrẹ oníko ni mò ń dì láti kékeré, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yẹn ẹ mọ bá a ṣe ń fi ìka fa ìko kó le kankan. Ó wá di pé tó bá ti di òru, àtàǹpàkò mi, ìka tá a fi ń júwe àti ìka àárín á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, wọ́n á kú tipiri, àfi kí n dìde jókòó kí n máa gbọn ọwọ́ kó tó rọ̀, tílẹ̀ bá mọ́ ife tíì gan-an á já bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kọ́sítìkì sódà tá a fi ń pa aró ló ti wọnú eegun. Kọ́sítìkì máa ń bó awọ lóòótọ́, ẹ máa wọ ìbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n dókítà kàn bi mí pé ṣé ọmọńdinrín náà ń dùn, mo ní rárá. Ó ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Nááfù kan gba ojú ihò tóóró kọjá lọ́rùn ọwọ́, òun ló ń fún, kò sì dé ọmọńdinrín, carpal tunnel ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fún mi ní kiní kan tí mò ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ sùn kó má bàa tẹ̀. Ó ní aláboyún náà máa ń ní in.

Bàbá Àdàtán: Tèmi ò kan ọwọ́ rárá, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni. A ti ìnáwó kan dé ní Ìjẹmọ̀, ẹ mọ ìnáwó wa, ògúnfe, ẹ̀dọ̀, ṣàkì, bíà tó tutù nini. Lóru ọjọ́ náà ẹsẹ̀ wú, ó pọ́n, aṣọ ìbora fẹ́lẹ́ kan án báyìí mo lọgun. Kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ní mo tẹ nǹkan lójúde olóde, ẹnì kan ti ń wá abẹ tó fẹ́ fi sín gbẹ́rẹ́ sí i! Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ò ṣeé fọwọ́ kàn lẹ fẹ́ fi abẹ sí. Gout ni. Uric acid ló pọ̀ lẹ́jẹ̀ tó wá dì ṣóńṣó-ṣóńṣó sí oríkèé. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé oògùn ìfúnpá tí mò ń lò, èyí tó máa ń mú kéèyàn tọ̀ dáadáa yẹn, ó máa ń dá uric acid yẹn dúró sára, wọ́n bá mi pààrọ̀ ẹ̀ (ẹ má dá tiyín dúró fúnra yín o). Wọ́n tún ní tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà tó ń dùn lọ́wọ́ ó lè má hàn, kéèyàn padà wá tó bá rọlẹ̀.

Ẹ̀gbá Kékeré: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀dọ̀ àti bíà 😂 ẹ ṣáà fi díẹ̀ sílẹ̀ fáwa náà.

Ọmọ Láfẹ́nwá: Ẹ jẹ́ n sọ ti Dádì wa. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì ló bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń jó, ó ń gún bí abẹ́rẹ́, lóru wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì wọ́n á fẹsẹ̀ lélẹ̀ sími. Nígbà tó yá ìrora ń dínkù, gbogbo wa ń dúpẹ́, àṣé ẹsẹ̀ ló ti ń kú, sílípáàsì á bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn wọ́n á máa rìn lọ. Aládùúgbò kan wá ní ká pò omi gbígbóná mọ́ iyọ̀ kí wọ́n kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Wọ́n kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n, ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ lawọ ti bó! Ìtọ̀ ṣúgà ni, wọn ò mọ̀ pé àwọn ní in. Ẹni tó bá ní ṣúgà kó fi ìgúnpá ẹlòmíì dán omi wò, kó sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ lójoojúmọ́. Metformin, oògùn ṣúgà yẹn náà, tó bá pẹ́ lára lè dín vitamin B12 kù, ìyẹn náà ń jẹ́ kẹ́sẹ̀ máa ta.

Ẹ̀gbá Kékeré: Ṣé òótọ́ ni pé láfún náà ń fà á? Màmá mi ò gbọdọ̀ gbọ́ o.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ọ̀rọ̀ yẹn ní gbòǹgbò. Láwọn ọdún 1960 Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ti UCH Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí àwọn ará Ọ̀sọsà lọ́dọ̀ọ Ìjẹ̀bú (ìlú Ògúndé eléré), ẹsẹ̀ ń jó wọn, wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ojú àwọn kan ń ṣe bàìbàì. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́, ẹran àtẹja ò pọ̀, sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ sì ń kó jọ lára wọn. Ẹ jẹ láfún yín jàre, kó ṣáà pẹ́ lómi dáadáa kó tó di pé wọ́n sá a, kí ẹja tàbí ẹyin sì wà lórí ẹ̀.

Ìyàwó Ọbáńtókò: Ọmọ mi ò tíì pé ọdún kan tí ẹ̀yìn ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì fi wú, téèyàn bá gbé e á máa ké. Ìyá ọkọ mi ní eyín ló fẹ́ hù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, jẹ́nótáìpù SS ni, àrùn fòníkú-fọ̀ládìde (sickle cell). Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí AA ló wà nínú ìwé tí ọkọ mi gbà ní láàbù kan ká tó ṣègbéyàwó, wọ́n tún un ṣe níbòmíì, AS lọ́kọ mi. Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ sí ìyẹn. A wà lórí folic acid àti paludrine (oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà ṣe é) báyìí, omi gidi ló sì ń mu. Ẹ̀yin tọ́mọ yín ti dàgbà, ṣé wíwú yìí máa ń lọ?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ó máa ń lọ, ọmọ mi. Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì ló wọ́pọ̀ jù, tó bá ti tó ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ó máa ń ṣọ̀wọ́n, torí mùdùnmúdùn tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ á ti kúrò nínú eegun ìka. Àmọ́ ìrora lè wá bọ́ sí apá, ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀yìn, ẹ má pa kílíníìkì jẹ. Tára ẹ̀ bá ti ń gbóná, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ lóru yẹn náà.