Síkéèlì alábẹ́rẹ́ mi kì í sọ nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ni kí n ṣe sí i?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Mo ní síkéèlì kan tí mo fi ń wọn ara mi, kì í ṣe oníbátìrì o, èyí tí abẹ́rẹ́ ń yí nínú ẹ̀ ni. Láàárọ̀ àná mo gùn ún nínú yàrá, ó ní kílò 77, mo gbé e lọ sí bálùwẹ̀ mo tún gùn ún, ó di 74, kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún láàárín méjèèjì, mi ò sì tíì fẹnu kan nǹkan kan. Dókítà ní kí n máa kọ ìwọ̀n mi sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èwo ni kí n wá kọ báyìí? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò?

Bọ̀dá Mẹkáníìkì:
Ẹ fọkàn balẹ̀ mà, kò bàjẹ́. Ṣé kápẹ́ẹ̀tì ló wà nínú yàrá yẹn? Ó ní láti jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Mo ti tú irú ẹ̀ wò rí, irin gbọọrọ méjì àti kúkúrú méjì ló wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń kó ìwúwo èèyàn láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sórí sìpíríǹgì kan, bí sìpíríǹgì yẹn bá ṣe nà tó ni abẹ́rẹ́ ṣe máa yí tó. Lórí kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ ẹ̀ á rì, ìdí ẹ̀ á fara lé kápẹ́ẹ̀tì, àwọn irin yẹn ò ní lè ṣiṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ. Orí táìlì tàbí sìmẹ́ńtì tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni kẹ́ ẹ gbé e lé.

Tẹ́ ẹ bá sì ti gbé e kúrò níbì kan, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ tó gùn ún. Tí kò bá sí lórí òdo, kinní roboto kan wà níwájú ẹ̀ tàbí lábẹ́ ẹ̀ tó ní eyín wẹ́wẹ́, ẹ fìka yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ gùn ún, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ tún wo òdo yẹn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Òótọ́ lẹ sọ. Mà, láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wọn ara yín, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tọ̀, kẹ́ ẹ tó jẹun, irú aṣọ kan náà. Ẹ dúró sáàárín, ẹ má di ògiri mú. Ẹ wo abẹ́rẹ́ láti òkè tààrà, tẹ́ ẹ bá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á dà bíi pé orí ìlà míì ló wà. Ohun tí dókítà fẹ́ rí ni bó ṣe ń lọ sókè sódò, torí náà síkéèlì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa lò, ibì kan náà.

Ọmọ Oníṣirò:
Ẹ fi omi dán an wò. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 20 lófìfo, ẹ fi gùn ún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ rọ omi kún un dé ojú ìlà lítà 20, ẹ tún gbé e gùn ún. Ohun tó fi lé gbọ́dọ̀ sún mọ́ kílò 20. Ẹ má gbé nǹkan kékeré lásán sórí ẹ̀ láti fi dán an wò o, ìlà kílò kan kan ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn, kò lè mọ gíráámù.

Ẹ má sì jẹ́ kó máa gbé nínú bálùwẹ̀. Tèmi, mo máa ń da omi sí i lára kí n lè fọ̀ ọ́, omi wọ inú ẹ̀, ìpẹtà mú sìpíríǹgì, nígbà tó yá tí mo bá sọ̀kalẹ̀ abẹ́rẹ́ á dúró sórí 6, ó dùn mí gan-an torí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Aṣọ tẹ́ ẹ rẹ sómi tẹ́ ẹ sì fún dáadáa ti tó láti fi nù ún. Ẹ má gbé ẹrù lé e lórí kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an ni! Kápẹ́ẹ̀tì ni lóòótọ́, ó tún nípọn. Mo gbé e sórí táìlì, abẹ́rẹ́ ti yẹ̀ kọjá òdo díẹ̀, mo yí i padà, mo gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, 74 ló ń sọ. Kẹ́ẹ̀gì omi náà jẹ́ 20 géérégé. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wà ní pálọ̀, ibẹ̀ ni á máa wà.