Ṣé kí a kó lọ sí Swídìn pẹ̀lú gbogbo owó orí tí wọ́n ń sọ yìí?

Ìyá Ìfẹ́, Manchester

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Ilé iṣẹ́ kan ní Gothenburg ti fún ọkọ mi níṣẹ́ ẹnjiníà. 50,000 kronor ni wọ́n fẹ́ máa san fún un lóṣù kí wọ́n tó yọ owó orí. Tí a bá ṣírò rẹ̀ sí pọ́n-ùn, kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tó ń gbà níbí lọ. Ẹni tí a bá sọ fún, owó orí ló ń fi dẹ́rù bà wá: wọ́n á gba ìdajì, a ò ní rí nǹkan fi ránṣẹ́ sílé. Ọkọ mi ní tiẹ̀ gbà pé kò síbi tó dáa tó ibẹ̀ fún ẹni tó ní ọmọ kékeré.

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Ọmọ méjì la bí, ọ̀kan ti pé ọdún mẹ́rin, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan. Lóòótọ́, ìjọba ń san wákàtí 30 lọ́sẹ̀ fún jẹ́lé-ó-sinmi báyìí, àmọ́ ọ̀sẹ̀ 38 péré ni láàárín ọdún, àwa la ń wá ìyókù. Bí mo ṣe ń wọlé láàárọ̀ ni ọkọ mi ń jáde. Màmá mi wà ní Abẹ́òkúta. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn àti owó ilé ìwé àbúrò mi, ọrùn mi ni gbogbo rẹ̀ wà. A ti gba ìwé ìgbélùú títí láé níbí, a ò tíì gba páálí ọmọ ìlú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lọ́hùn-ún gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Ṣé ayé ibẹ̀ dáa tó owó tí wọ́n ń gbà?

Ìyá Ìbejì, Malmö

Ìyá Ìfẹ́, ẹ kú àìsùn. Ọ̀rọ̀ ìdajì yẹn kì í ṣe òótọ́ fún ẹni tó ń gba 50,000. Owó orí ìlú àti ti ẹkùn ní Gothenburg fi díẹ̀ lé ní ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dín in kù fún ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́. Nǹkan bí 38,000 ni ọkọ yín máa gbé délé. Ìdá 20 tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà lórí owó ńlá kò tíì kàn án.

Ibi tí ẹ ti máa mọ̀ ọ́n lára ni ọjà. Ìdá 25 ni wọ́n ń fi kún iye ọ̀pọ̀ nǹkan tí ẹ bá rà. Ti oúnjẹ kò tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ ò sì ní fojú rí ni ìdá 31.42 tí ẹni tó gbà yín síṣẹ́ ń san sí i lórí owó oṣù yín. Ibẹ̀ ni owó ìfẹ̀yìntì, owó àìsàn àti owó ìtọ́jú ọmọ ti ń wá.

Ẹ wo ohun tí à ń rí gbà. Láti 2002 ni òfin ti fi ààlà sí owó förskola, ìyẹn jẹ́lé-ó-sinmi wọn: ìdá 3 nínú owó tó ń wọlé fún yín kí wọ́n tó yọ owó orí ni ti ọmọ tó kéré jù, ìdá 2 ni ti èyí tó tẹ̀ lé e. Lórí 50,000, 2,500 kronor lóṣù ni fún ọmọ méjèèjì, oúnjẹ wà nínú ẹ̀, gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ 38. Ìjọba á tún máa fún yín ní 1,250 lóṣù lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ ọ̀sán ilé ìwé, ọ̀fẹ́. Ìtọ́jú eyín ọmọdé, ọ̀fẹ́. Bí ara ọmọ kò bá yá, ẹ jókòó tì í nílé, Försäkringskassan, àjọ ìjọba tó ń san irú owó bẹ́ẹ̀, á san nǹkan bí ìdá 80 owó ọjọ́ yẹn fún yín. Níbi iṣẹ́ mi, bí bàbá ọmọ bá dìde láago mẹ́rin pé òun fẹ́ lọ gbé ọmọ, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nìyẹn.

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ọjọ́ 480 ìsinmi ìtọ́jú ọmọ tí gbogbo ayé ń pariwo o. Ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀, tàbí tó wọlé kó tó pé ọdún kan, ló ni ín. Èyí tó bá wọlé nígbà tó ti ju ọmọ ọdún kan lọ, ọjọ́ 200 ló ní. Èyí tó bá ti ju ọdún méjì lọ, 100.

Bọ̀dá Houston

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Texas kì í gba owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó oṣù. Mo ti ra ilé níbí, mo ti kọ́lé sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì bá ẹ̀gbọ́n mi dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Owó tí mo fọwọ́ mi pa, èmi ni mò ń pinnu ibi tó ń lọ. Owó orí ilé wúwo níbí, ìbánigbófò ìlera náà wúwo, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kúrò nílé nítorí kó lè gbé ìdílé rẹ̀ dìde, kí ló fẹ́ fi owó gọbọi ṣe lọ́wọ́ ìjọba ẹlòmíì?

Ìyá Ìbejì, Malmö

Bọ̀dá, mo gbọ́ yín, àmọ́ ẹ fi ti obìnrin rò ó. Òfin Amẹ́ríkà tó wà láti 1993, ọ̀sẹ̀ 12 ló fún ìyá ọmọ tuntun, láìsí kọ́bọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló dè. Àwọn obìnrin wa tó ń padà síbi iṣẹ́ nígbà tí ojú ọgbẹ́ kò tíì jinná, a mọ̀ wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Västerås

Àǹtí mi, gbogbo yín ń ṣírò owó ọkọ. Iṣẹ́ tiyín ni mo fẹ́ bi yín.

Ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì tí ẹ ní ní Ìlú Ọba kò ní jẹ́ kí ẹ ṣe nọ́ọ̀sì níbí lọ́gán, pàápàá látìgbà tí wọ́n ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù. Socialstyrelsen, àjọ ìjọba tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ, á yẹ ìwé yín wò. Ẹ máa gbọ́ èdè Swídìn dé ìpele C1, ìyẹn ìpele ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ máa ṣe ìdánwò àkọsílẹ̀ àti ti ọwọ́, ní èdè wọn, ẹ máa kọ́ òfin ìlera wọn, ẹ máa wà lábẹ́ ẹlòmíì ní wọ́ọ̀dù fóṣù mélòó kan. Mo la ọ̀nà yẹn kọjá, mo sì ti bímọ kí n tó wá. Ọ̀nà tó gùn ni.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ìlú yìí, owó èèyàn méjì ló gbé e ró. Láti 1971 ni wọ́n ti ń gba owó orí ọkọ lọ́tọ̀, ti aya lọ́tọ̀, kò sí pé ìyàwó jókòó nílé kí owó orí ọkọ fúyẹ́. Wọ́n wá kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tì í kí ìyá lè jáde. Bí àwọn méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́, ó dùn. Bí owó ẹnì kan bá ni ẹ fẹ́ fi kojú ọjà Swídìn fún ọdún mẹ́ta, ẹ ò ní gbádùn ohun tí ẹ ń sanwó fún. Ẹ̀kọ́ èdè SFI jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ sì lè máa ṣe vårdbiträde, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ níbi ìtọ́jú, lọ́wọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín bóyá ọkàn yín á gbà á kí ẹ máa gbé àwo oúnjẹ fáwọn arúgbó lẹ́yìn gbogbo ọdún tí ẹ ti fi ṣe nọ́ọ̀sì.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Stockholm

Ọ̀rọ̀ màmá yín ló mú mi dá sí i. Mò ń san owó orí níbí, mi ò bínú sí i, mo rí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìjọba ìlú ló ń rán èèyàn lọ wẹ bàbá arúgbó tó wà nísàlẹ̀ ilé mi, tó ń gbé oúnjẹ fún un. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kì í fi owó ránṣẹ́ sí i, kò sídìí tó fi yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti san án nínú owó orí. Èmi náà ti san tèmi, àmọ́ orúkọ màmá mi kò sí nínú ìwé wọn. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì làwa ń sanwó arúgbó: ti ará Swídìn láti inú owó oṣù, ti àwọn òbí wa láti inú èyí tó kù. Àwọn tó ń to orílẹ̀-èdè nípò lórí ibi táwọn èèyàn ti láyọ̀ jù, tí Finland ń gba ipò kìíní lọ́dọọdún láti 2018, wọn kì í ka owó oògùn Abẹ́òkúta mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó màmá kúrò nínú 38,000, kí ẹ tó ṣírò ìyókù.

Nǹkan mẹ́ta míì. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ wá ilé fún yín; ọ̀pọ̀ ọdún làwọn èèyàn ń tò fún ilé ìjọba, ẹni tí kò bá sì tò, ọwọ́ ẹlòmíì ló ti ń yá ilé gbé ní owó gọbọi. Kí ọkọ yín bi wọ́n bóyá iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sábẹ́ owó orí àwọn ògbóǹtarìgì láti òkèèrè: ìdá mẹ́rin owó oṣù á pín, wọn ò ní fọwọ́ kan ìdá kan fún ọdún méje. Láàárín oṣù mẹ́ta tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè, kò sí àforíjì lẹ́yìn náà. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá fi Ìlú Ọba sílẹ̀ ju ọdún méjì gbáko lọ, ìwé ìgbélùú yín ti lọ nìyẹn. Ẹ gba páálí kí ẹ tó gbéra.

Bàbá Àgbà, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé irú nǹkan yìí ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, owó tó bù lé aráàlú bí wọn nínú débi pé ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi nílé nínú ìbò àpapọ̀ 1954. Oṣù kìíní 1955, ilé ìwé ṣí, ọmọ tálákà wọlé. Èmi wà lára wọn. Nígbà tó fi máa di 1968, àwọn àgbẹ̀ kan náà ló dìde nínú ogun Àgbékọ̀yà, òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn máa san. Owó kòkó ti wálẹ̀, ọ̀nà oko ti bàjẹ́, akódà sì ń fi agídí gba owó. Ọmọ mi, bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wò ó bóyá ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe dé ọ̀dọ̀ àjèjì bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ onílé.

Ìyá Ìbejì, Malmö

Bàbá, ẹ kú ọdún pípẹ́ láyé. Fún ọmọ, ó ń dé bákan náà. Fún àgbà tó ń wáṣẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀: àìríṣẹ́ pọ̀ láàárín àwọn tí wọn kò bí síbí ju láàárín ọmọ onílé lọ. Owó orí ò lè yanjú ìyẹn, èdè àti ẹni tó mọ̀ yín ló ń yanjú ẹ̀.

Ìyá Ìfẹ́, Manchester

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó ti kọ̀wé sí wọn lórí owó orí ògbóǹtarìgì yẹn àti lórí ilé, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú. Oṣù kẹta ni ìwé wa máa pé ọdún kan, a máa béèrè fún páálí kíákíá. Bí wọ́n bá kọ̀ láti dúró, mi ò rò pé màá fọwọ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì Västerås, àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yín ló gún mi lọ́kàn jù. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ èdè yẹn láti ibí?

Nọ́ọ̀sì Västerås

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ kọ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, màá fi ìwé tí mo fi kọ́ ọ ránṣẹ́. Ẹ fi ìwé ẹ̀rí yín ṣọwọ́ sí Socialstyrelsen láti ibẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, kò sì sídìí tí ẹ fi ní láti wà ní Gothenburg kí ẹ tó máa dúró dè wọ́n.