Agùfọn sarus: ìrísí rẹ̀, ibi tó ń gbé àti bó ṣe gba orúkọ

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì, Adó-Èkìtì

Àwòrán kan ń káàkiri lórí WhatsApp: ẹyẹ aláwọ̀ eérú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbẹ̀ nínú oko ìrẹsì, orí rẹ̀ pọ́n, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó àgbẹ̀ náà. Wọ́n kọ "lékeléke ńlá ilẹ̀ Íńdíà" sábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe lékeléke o. Agùfọn ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sarus. (Ẹyẹ ni mo ń sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń pe ẹranko ọlọ́rùn gígùn ní àgùfọn.) Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ bá wa sọ ọ́ síbí, kó jẹ́ ohun tí ojú lè rí tàbí ohun tí a lè wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Irú agùfọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà láyé. Sarus ló ga jù nínú wọn, kódà kò sí ẹyẹ mìíràn tó lè fò tó ga tó o. Akọ tó ti dàgbà lè ga tó mítà 1.8. Bó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, láti ṣóńṣó kan dé èkejì lè tó mítà 2.5. Síbẹ̀ kílò bíi 6 sí 8 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọ̀n, nítorí pé ẹsẹ̀ àti ọrùn ló kó gbogbo gíga náà.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà méjì tí àwọn ènìyàn máa ń pò pọ̀. Bí wọ́n bá ní gíga, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí ni, nígbà tí ẹyẹ bá nàró tó na ọrùn sókè. Bí wọ́n bá ní gígùn, wọ́n tẹ́ ẹyẹ náà sílẹ̀ ni, wọ́n wọ̀n ọ́n láti ṣóńṣó àgógó dé òpin ìrù, wọn ò ka ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí ìwé kan fi lè kọ sẹ̀ntímítà 156, tí òmíràn kọ 180, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì purọ́.

Ṣùgbọ́n gíga kọ́ ni ẹ máa fi dá a mọ̀. Nínú àwòrán tí kò sí ènìyàn tàbí màlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gíga ò sọ nǹkan kan. Orí àti ọrùn ni kí ẹ wò. Awọ pupa tí kò ní ìyẹ́ bo orí, ó sì sọ̀kalẹ̀ dé apá òkè ọrùn. Àtàrí nìkan ni kò pọ́n: awọ ibẹ̀ pá, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín eérú àti ewé. Ìyẹ́ eérú díẹ̀ bo ibi etí. Àgógó rẹ̀ gùn, ó mú, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti àtàrí. Ara yòókù jẹ́ eérú, àfi àwọn ìyẹ́ ńlá ṣóńṣó apá tó dúdú, tí wọn kì í hàn dáadáa àfi bó bá fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Akọ àti abo ò yàtọ̀ síra wọn. Bí méjèèjì bá dúró pọ̀, akọ a ga díẹ̀, ìyẹn náà ni.

Bí àsìkò ìyé ẹyin bá dé, pupa ọrùn náà á tún le sí i. Ọmọ rẹ̀ ò tíì ní pupa yìí. Ìyẹ́ rúsúrúsú ló bo orí ọmọ, ìdí àgógó rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè. Nítorí náà, bí ẹ bá rí méjì tó pọ́n lórí pẹ̀lú ọ̀kan tí orí rẹ̀ rí rúsúrúsú, baba, ìyá àti ọmọ ni. Ẹ má pè é ní irú ẹyẹ méjì.

Awo-ẹyẹ, Ìkọ̀gòsì

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Kí n fi ti òfuurufú kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lékeléke ti máa tán.

Lékeléke àti gbogbo ẹbí rẹ̀ ń ká ọrùn mọ́ èjìká bí wọ́n bá ń fò. Agùfọn a na ọrùn gbọọrọ síwájú, a na ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní ṣì wọ́n mú, bí ẹyẹ náà tilẹ̀ jìnnà tí àwọ̀ rẹ̀ ò hàn.

Àkọ̀ ló máa ń da ènìyàn rú, nítorí òun náà ń na ọrùn. Fún àkọ̀, ẹ wo ibi tó bà sí. Àkọ̀ ń bà sórí igi, sarus kì í bà síbẹ̀ rárá. Ìka ẹ̀yìn ẹsẹ̀ sarus kúrú, ó sì ga kúrò nílẹ̀, kò lè fi di ẹ̀ka mú. Ilẹ̀ tàbí omi tí kò jìn ni ó ń dúró sí, ibẹ̀ náà ló ń sùn sí. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán ẹyẹ tó wà lórí igi ránṣẹ́ pé sarus nìyí, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn. Kó lọ yí orúkọ tó fún ẹyẹ náà padà ni.

Ohùn rẹ̀ náà ń fi í hàn. Ọ̀nà ọ̀fun sarus gùn ju ọrùn rẹ̀ lọ: ó wọnú egungun àyà, ó ká síbẹ̀, kó tó padà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kíká yìí ló ń mú kí ohùn náà dún bíi kàkàkí, tó sì ń lọ jìnnà. Tọkọtaya ló ń ké pọ̀, tí ọ̀kan ń gbè èkejì, pẹ̀lú orí sókè àti àgógó tó kọjú sí ojú ọ̀run.

Ará Ìgbẹ́mọ

Ibi tó ń gbé ni tèmi, torí àwa tí a ń gbin ìrẹsì lè fojú inú wo ibẹ̀ dáadáa. Àkùrọ̀ ni, irà, etí adágún, pápá tí omi kún títí dé orúnkún, àti oko ìrẹsì. Omi tí kò jìn ló fẹ́. Bí omi bá ti jìn jù, kò ní lè rìn nínú rẹ̀, kò sì ní lè walẹ̀ fún oúnjẹ. Bó bá sì gbẹ tán, ajá àti akátá yóò fẹsẹ̀ rìn dé ìdí ìtẹ́.

Ní àríwá Íńdíà, pàápàá ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, níbi tí òun ti jẹ́ ẹyẹ ìpínlẹ̀, àárín àwọn àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Kì í ṣe ọgbà ẹranko nìkan ló ń dáàbò bò ó. Oko tí wọ́n ń fi omi rin ló kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ́dọ̀. Tọkọtaya kan á gba ilẹ̀ tiwọn, wọn ò ní jẹ́ kí tọkọtaya mìíràn wọ ibẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn tí kò ní ọmọ máa ń kó jọ sí ibi tí omi bá kù sí. Wọn kì í rin ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn lọ́dọọdún bí irú agùfọn mìíràn. Omi ni wọ́n ń tẹ̀lé káàkiri.

Ìgbà òjò ni wọ́n ń yé ẹyin níbẹ̀. Wọ́n á fa koríko àti pòròpórò, wọ́n á kó o jọ sínú omi tí kò jìn títí yóò fi di òkìtì tó lè fẹ̀ tó mítà méjì. Ẹyin méjì ló wọ́pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi gíráàmù 240, ìyẹn ìwọ̀n ẹyin adìẹ bíi mẹ́rin. Baba àti ìyá ló ń sàba lé e, fún bí ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọmọ tó bá pa kì í pẹ́ nínú ìtẹ́, láìpẹ́ ló ti ń tẹ̀lé òbí. Bí òbí bá ké ìkìlọ̀, ọmọ á dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ sínú koríko, kò ní mira. Ó máa ń lé ní oṣù méjì ààbọ̀ kí ọmọ tó lè fò, ìdí nìyẹn tí omi tó bá tètè gbẹ nínú oko fi ń ba ọdún jẹ́ fún wọn.

Ohun tó ń jẹ pọ̀: kòkòrò, ọ̀pọ̀lọ́, ẹja kéékèèké, irúgbìn, àti iṣu kéékèèké tó wà lábẹ́ ẹrẹ̀. Ó ń jẹ ìrẹsì náà, kò sí irọ́ ńbẹ̀, ìtẹ́ rẹ̀ sì ń gba ilẹ̀ díẹ̀ nínú oko. Ìyẹn ló ń mú àwọn àgbẹ̀ kan kó ẹyin rẹ̀ dànù. Àwọn tó kó ẹyin náà ò tó àwọn tó fi í sílẹ̀, torí wọ́n ka ẹyẹ yìí sí ní ilẹ̀ ọ̀hún. Wáyà iná ńlá tó gba orí oko kọjá ń pa wọ́n ju bí a ti rò lọ. Ẹyẹ tó tóbi tó báyìí kì í tètè yí padà lójú òfuurufú.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì, Adó-Èkìtì

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ iṣu inú ẹrẹ̀ yẹn, ẹ má jẹ́ ká fò ó. Òun ló ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Vietnam.

Ará Ìgbẹ́mọ

Òótọ́ ni. Ní ọgbà Tràm Chim, ní agbègbè odò Mekong, ọgọ́rọ̀ọ̀rún sarus ló ń wá síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń fà wọ́n ni koríko irà kan tí wọ́n ń pè ní Eleocharis, tó ń ta iṣu kéékèèké sínú ẹrẹ̀. Àwọn alábòójútó wá ń dá omi dúró sínú ọgbà náà kí iná má baà jó igi. Omi ò fà mọ́ bó ṣe yẹ, koríko ọ̀hún dínkù, iye ẹyẹ sì já wálẹ̀ gan-an. Kò sí ẹni tó yìnbọn fún wọn. Omi tó pọ̀ jù ni.

Ní Thailand, níbi tí wọ́n ti tán nínú igbó, wọ́n ti ń tú àwọn tí wọ́n tọ́ dàgbà sílẹ̀ ní Buriram láti 2011, àwọn kan sì ti yé ẹyin, wọ́n sì ti pamọ nínú oko ìrẹsì ibẹ̀.

Akọ̀wé, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ó kù ti orúkọ. Carl Linnaeus, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Sweden, ló kọ ọ́ sínú ìwé ní 1758, ó pè é ní Ardea antigone. Inú ọ̀wọ́ Ardea yìí ló kó agùfọn, àkọ̀ àti ẹbí lékeléke sí pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó kọ "lékeléke ńlá" sórí WhatsApp ní ẹlẹgbẹ́ tó lórúkọ.

Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ agùfọn sọ́tọ̀, wọ́n kó sarus sí ọ̀wọ́ mìíràn tó ń jẹ́ Grus, ibẹ̀ ló sì wà fún ìgbà pípẹ́. Àyẹ̀wò àbùdá tó jáde ní 2010 fi hàn pé àwọn tó wà nínú Grus kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Wọ́n bá kó mẹ́rin jáde: sarus, brolga ti Australia, sandhill ti Amẹ́ríkà àti agùfọn ọlọ́rùn funfun ti ìlà-oòrùn Éṣíà. Orúkọ Antigone tí Reichenbach, onímọ̀ ẹyẹ ará Jámánì, ti sọ ní 1853 ni wọ́n gbé padà fún wọn. Bí sarus ṣe di Antigone antigone nìyẹn. Bí ẹ bá rí Grus antigone nínú ìwé àtijọ́, ẹyẹ kan náà ni.

Antigone yìí jẹ́ ọmọbìnrin Laomedon ọba Troy nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, ẹni tí wọ́n sọ di ẹyẹ àkọ̀. Ẹ má gbé e pọ̀ mọ́ Antigone ọmọ Oedipus. "Sarus" fúnra rẹ̀ wá láti èdè Íńdíà, ó jẹ mọ́ adágún.

Nínú sarus gan-an, ẹ̀ka kan yàtọ̀ sí èkejì. Ti Íńdíà ní òrùka funfun lábẹ́ ibi tí pupa ọrùn parí sí. Ti Myanmar, Cambodia àti Vietnam kò ní in, eérú ni gbogbo rẹ̀. Ti Australia dúdú díẹ̀, àbàwọ́n eérú etí rẹ̀ sì fẹ̀. Ti Philippines ti parun.

Ní Australia, ọdún 1966 ni wọ́n tó mọ̀ pé sarus wà níbẹ̀, torí brolga tó jọ ọ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ibi tí ẹ máa wò rèé: pupa brolga kò kọjá orí, pupa sarus sọ̀kalẹ̀ sọ́rùn. Ẹsẹ̀ brolga dúdú tàbí eérú, ti sarus pọ́n. Awọ dúdú kan so lábẹ́ àgbọ̀n brolga, sarus ò ní irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n méjèèjì máa ń gun ara wọn, ọmọ àdàlù wọn sì lè jọ ìhín, kó jọ ọ̀hún.

Ọ̀dọ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n, ṣé agùfọn tiwa ní Nàìjíríà náà ga tó báyìí? Ṣé a sì lè mú sarus wá sí àkùrọ̀ wa?

Awo-ẹyẹ, Ìkọ̀gòsì

Àbúrò, tiwa kò ga tó o, ó tó bíi mítà kan péré. Balearica pavonina ni orúkọ rẹ̀, òun ni wọ́n mọ̀ sí ẹyẹ orílẹ̀-èdè wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé idì pupa ló wà lórí àmì Nàìjíríà. Ara rẹ̀ dúdú, apá rẹ̀ ní funfun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní funfun àti pupa, adé ìyẹ́ gíga aláwọ̀ wúrà sì wà lórí rẹ̀. Ìka ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tirẹ̀ gùn, nítorí náà ó ń bà sórí igi, ó ń sùn síbẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ò ká sínú àyà, kò lè fọn bíi sarus. Apá àríwá ló ń gbé, ní irà àti pápá gbalasa, kì í ṣe ní òkè àti igbó tiwa.

Mímú sarus wá kò ṣeé ṣe. Gbogbo agùfọn wà lábẹ́ òfin CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, a ò lè kó wọn kọjá ẹnu ibodè láìsí ìwé àṣẹ. Ilẹ̀ wa náà ò gbà á: àárín òkè àti àpáta ni àkùrọ̀ Èkìtì máa ń wà, ó tóóró, igi sì yí i ká. Sarus fẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú tí ojú rẹ̀ lè rí jìnnà, tó sì ní àyè láti sáré díẹ̀ kó tó gbéra.